Bí Gáàsì A.C. Bá Dín, Ó Jò Ni

Ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣojúsàájú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń làágùn, ẹni tó jókòó sínú mọ́tò náà ń làágùn, àfi bí ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, tí gbogbo wa ń pè ní A.C., ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn ni a tún gbé dé o. Ọ̀rọ̀ owó ni. Bí a bá yẹ àwọn ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ ẹ̀yáwó wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, a óò rí i pé ó ju ẹnì kan lọ tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ A.C. mọ́tò òun ló kú. Nígbà tí a sì bi wọ́n léèrè, ìtàn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n ti ra gáàsì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó wá dákẹ́. Owó gáàsì ti wọgbó, wọ́n tún wá fẹ́ jẹ gbèsè nítorí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ ẹgbẹ́ wa. Kí á jẹ, kí ó sì ṣẹ́kù, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń fi agbọ̀n pọn omi, kí ni yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́?

Èrò tiwa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe ra gáàsì A.C. mọ́ títí yóò fi mọ ibi tí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà jáde. Ìdajì iṣẹ́ náà, olúkúlùkù lè ṣe é fúnra rẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀. Ìdajì kejì, kò sí ẹni tó yẹ kó dá a ṣe, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ sì ti wúlò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi ẹlòmíràn ṣe ẹ̀sín, ilé ara wa ni a óò ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín mọ mọ́tò ẹgbẹ́, Toyota Corolla tí wọ́n ṣe ní 1992, tí a fi ń lọ sí báńkì tí a sì fi ń kó ìwé kiri. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, A.C. rẹ̀ kò tutù mọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti so hóòsì mọ́ ọn, ó ti fi gáàsì sí i, A.C. tutù nini, a sanwó, a dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ooru padà dé. A tún gbé e lọ, ó tún fi gáàsì sí i. Oṣù kan kò pé, bákan náà ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, oníṣẹ́ wa ní súwíìṣì kékeré kan ló ń yọ A.C. lẹ́nu. Ó gé wáyà rẹ̀, ó so méjèèjì pọ̀, ó ní gbogbo ẹ̀ ti parí. Lóòótọ́ sì ni, gbogbo ẹ̀ parí! Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọlọ tí kò ní ata nínú, nígbà tó yá ó gan pa, ó sì já bẹ́líìtì.

Oníṣẹ́ mìíràn tí a wá pè kò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan tó fi ní kí á wá wo ibi tí páìpù ti wọnú kọ̀ndẹ́ńsà níwájú mọ́tò. Ibẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ ò rí èyí látọjọ́ yìí ni?" Ojú tì wá. Róbà roboto kan, tí kò tó òrùka ìka ọwọ́, ló ti gbó tó sì là. Owó rẹ̀ kò tó owó àkàrà tí ìdílé kan yóò fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri wa lanu, a kò wò ó, gáàsì la ń rà.

Súwíìṣì tí oníṣẹ́ àkọ́kọ́ so pa ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dúró nígbà tí gáàsì bá kéré jù. Ìdí ni pé ọ́ìlì tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń mu, inú gáàsì ló ń gbà yí ká. Bí gáàsì bá ṣe ń jò ni ọ́ìlì ń bá a lọ, òun ló fi wà lára páìpù tó ń kó eruku jọ. A pa ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́nu mọ́, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń sáré láìmu ọ́ìlì títí tó fi kú. A kò di ẹ̀bi ru oníṣẹ́ nìkan. Àwa tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wa kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Gáàsì ti ìjẹta dà?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà tó ń gbé àmù sí igun yàrá mọ àṣírí yìí kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa. Omi díẹ̀díẹ̀ ń rin jáde lára àmù, ó ń di oru lọ, bó sì ṣe ń di oru ló ń kó ooru kúrò nínú omi tó kù. Ohun tí A.C. ń ṣe náà nìyẹn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òun kì í jẹ́ kí oru tirẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò fún gáàsì pọ̀, gáàsì yóò gbóná. Kọ̀ndẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀ yóò tú ooru náà sí afẹ́fẹ́ ìta, gáàsì yóò sì di olómi. Yóò gba inú dráyà kọjá, kí ohun gbígbẹ tó wà níbẹ̀ lè fa ọ̀rinrin ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò gba ihò tóóró inú fáàfù kan bọ́ sínú kọ́ìlì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni yóò ti di oru, tí yóò sì kó ooru inú mọ́tò, kó tó padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀.

Yíyí ló ń yí, kì í jóná bí epo pẹtiróòlù. Òótọ́ ni pé nínú mọ́tò tó ti pẹ́, díẹ̀díẹ̀ lè máa yọ lára hóòsì àti ní ẹnu ọ̀pá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n gáàsì tó bá tán láàárín oṣù kan, ojú ihò ló gbà lọ. Kí á máa rọ gáàsì lé e lórí láìdí ihò, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Kì í sì ṣe àpò wa nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n ṣe kó tó di nǹkan bí 1994, gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-12 ló wà nínú púpọ̀ wọn. Ní 1974, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Mario Molina àti Sherwood Rowland, sọ fún ayé pé gáàsì irú èyí ń gòkè lọ ba ìbòrí ozone jẹ́, èyí tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó burú. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìbòrí náà ti fẹ́lẹ́ gan-an lókè ilẹ̀ yìnyín Antarctica lápá gúúsù ayé. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú Montreal ní Kánádà pé àwọn yóò jáwọ́ nínú rẹ̀, Nàìjíríà náà sì fọwọ́ sí i. Àwọn ilẹ̀ olówó ní láti dáwọ́ dúró kí 1996 tó wọlé, àwa yòókù kí 2010 tó wọlé. Gáàsì R-134a ló gba ipò rẹ̀ nínú mọ́tò.

R-134a kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ní àbùkù. Kílò kan rẹ̀ tó bá tú sí afẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná ju kílò kan èéfín carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi tún pàdé ní Kigali, ní ilẹ̀ Rwanda, ní 2016, láti dín irú rẹ̀ kù. Ẹ wá wò ó: à ń ra gáàsì nítorí ooru, à ń tú u dànù sójú ọ̀run, ayé sì ń gbóná sí i. Ọ̀rọ̀ wa dà bí ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná tó ń jó o lára.

Ó yá, kí ni ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ lè ṣe nílé? Ó pọ̀, kò sì gba ju omi, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ojú tó ríran.

Èkíní ni kí ẹ fọ kọ̀ndẹ́ńsà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì paná rẹ̀. Eruku ọyẹ́, kòkòrò àti ewé ló máa ń dí ojú rẹ̀. Ẹ fi omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ alágbára tú omi sára mọ́tò, torí yóò tẹ àwọn irin pẹ́lẹ́bẹ́ ibẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní ráyè kọjá mọ́.

Èkejì ni fáànù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan A.C., kí ẹ wo fáànù iwájú, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ àti aṣọ jìnnà sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí A.C. bá ń tutù nígbà tí mọ́tò ń sáré lójú títì ọlọ́dà, ṣùgbọ́n tí ooru ń mú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù tàbí ìdọ̀tí ojú kọ̀ndẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe gáàsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra gáàsì nítorí fáànù tó jókòó gẹlẹtẹ.

Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì. Ẹ paná ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí tó dẹ̀ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ fún un. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tan A.C. kí ẹlòmíràn dẹtí sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ "kọ̀!" bí kílọ́ọ̀ṣì iwájú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá mú. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ fíúùsì ló jó, ó lè jẹ́ wáyà ló já, ó sì lè jẹ́ súwíìṣì ẹ̀ṣọ́ ló ń sọ pé gáàsì ti kéré jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni so ó pa. Ẹ rántí mọ́tò ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni afẹ́fẹ́ inú mọ́tò. Bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá tutù ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Àwọn mọ́tò kan ní fílítà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó tú u wò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó mọ́tò náà wọ̀lú. Ẹ tún wo ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò bí A.C. bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Omi tó ń kán síbẹ̀ kì í ṣe àrùn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Bí omi náà bá ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni láti là á.

Ẹ̀karùn-ún, tó ṣe pàtàkì jù, ni wíwá ojú jíjò. Ẹ paná ẹ́ńjìnnì. Ẹ tọpa páìpù láti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lọ sí kọ̀ndẹ́ńsà, lọ sí dráyà, títí yóò fi wọ ara ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú mọ́tò. Ibi tí ọ̀rá àti eruku bá ti lẹ̀ pọ̀, ẹ fi ọṣẹ tó ti hó kùn ún. Bó bá ń ta bọ́ńbù bí ẹní ń fẹ́ fùútù, ẹ ti bá olè nínú ilé. Jíjò tó kéré gan-an lè má hàn bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ní ọgbọ́n mìíràn fún un. Ẹ kọ ibi tí ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ mú un tọ oníṣẹ́ lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ dára, ẹ máa tan A.C. fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ nígbà òjò tàbí nígbà ọyẹ́, kí ọ́ìlì lè máa dé ara àwọn róbà. Róbà tó bá gbẹ ni í là.

Ibi tí iṣẹ́ ilé parí sí nìyí. Ẹ má kọjá rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa lọ́wọ́ọ́ṣẹ́, wọ́n á ní kí ló wà nínú kí á fi sípánà tú páìpù. Ẹ gbọ́ o: ní ìta gbangba, R-134a ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ta sí ojú tàbí ọwọ́, òtútù rẹ̀ yóò jó ara bí iná. Bó bá kan iná, ó ń di èéfín olóró. Ti R-12 lè mú phosgene jáde, èyí tí wọ́n fi pa ọmọ ogun nínú ogun 1914 sí 1918. Agolo gáàsì tí wọ́n bá so mọ́ páìpù tí agbára ti pọ̀ lè bẹ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́.

A sì ti ń gbọ́ pé àwọn kan ń fi gáàsì ìdáná sínú A.C. torí pé kò wọ́n. Ó ń tutù, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù lè jò, inú mọ́tò ni gáàsì náà yóò sì dà sí. Ẹyọ wáyà kan tó bá tanná péré, mọ́tò á di ààrò. Ta ni yóò kó ọmọ rẹ̀ sínú ààrò nítorí atẹ́gùn tútù?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní R-12 tuntun lòun ń tà fún yín lónìí, ẹ bi í níbi tó ti rí i. Mọ́tò tó jẹ́ ti R-12 láti ilẹ̀ wá ṣeé yí sí R-134a, ṣùgbọ́n kì í ṣe gáàsì nìkan ni à ń yí. Ọ́ìlì àtijọ́ kò bá gáàsì tuntun rìn, a ó fi èyí tó bá a mu sí i. A ó pààrọ̀ dráyà àti àwọn róbà, a ó sì fi ẹnu hóòsì tuntun sí i. Gáàsì tí a ó fi sí i kò ní tó ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n R-12 tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ìwọ̀n ni a wí, kì í ṣe bí ọwọ́ ṣe gbóná tàbí tutù tó lára páìpù. Àṣejù gáàsì náà ń pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá sì tú páìpù kan, póòǹpù fákúùmù ni yóò fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí gáàsì tó wọ ibẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè di yìnyín kó dí ihò fáàfù, ó sì lè di ásíìdì kó máa jẹ irin. Bí póòǹpù bá dúró, kí á wo ọwọ́ géèjì fún ìgbà díẹ̀. Bó bá dúró sójú kan, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ń rìn padà, ojú jíjò ṣì kù tàbí ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ra gáàsì. Oníṣẹ́ tó fi gáàsì sí mọ́tò wa láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà wo ló rójú ṣe èyí?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ o: ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Póòǹpù ni wọn kò ní, tàbí òṣùwọ̀n gáàsì. Àwa oníbàárà náà kì í sì í fẹ́ dúró, kí ó sáà tutù kí á máa lọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ ra póòǹpù fákúùmù kan, géèjì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gáàsì, àti, bí agbára bá gbé e, ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì inú mọ́tò pamọ́ dípò kí wọ́n tú u sí afẹ́fẹ́. Kí wọ́n wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí á bá oníṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ yanjú ṣe àdéhùn, kó máa wá ní Sátidé méjì lóṣù. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá lò wọ́n san owó díẹ̀ sí àpò ẹgbẹ́, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé: mọ́tò wo, ibo ló ń jò, gáàsì mélòó ló wọ ibẹ̀. Mọ́tò tó bá tún padà wá láàárín oṣù mẹ́ta, ìwé yóò jẹ́rìí.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan láti ọ̀ọ́kán: "Èmi ò ní mọ́tò. Kí ló kàn mí nínú A.C. olówó?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, a kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ ro pé ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ lónìí kì í ṣe olówó. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023, ọ̀pọ̀ ló fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò tí apá wọn kò ká a, èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Àwọn kan nínú wọn, mọ́tò yẹn náà ni wọ́n fi ń gbé èrò jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ ro ti àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja tútù àti àwọn tó ń ta omi tútù. Fíríìsà wọn náà, gáàsì ló ń yí nínú rẹ̀, tó bá sì jò, wọ́n ní láti dí ojú ibẹ̀ kí wọ́n sì fi póòǹpù irú èyí fà á kó tó gba gáàsì tuntun. Géèjì àti hóòsì tirẹ̀ ni yóò yàtọ̀, kí ọ́ìlì oríṣi méjì má baà dàpọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tí fíríìsà rẹ̀ jò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ń pàdánù ju ẹni tó ń làágùn nínú mọ́tò lọ, nítorí ọjà rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Nípa báyìí, ẹni tí kò ní mọ́tò lè ní fíríìsà, ẹni tí kò sì ní ọ̀kankan yóò pín nínú èrè owó ìlò rẹ̀ ní òpin ọdún. Kò sí ẹni tí a yọ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní irinṣẹ́ àjùmọ̀ní kì í pẹ́ bàjẹ́, torí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ní olùtọ́jú. Ìyẹn náà ní òótọ́ nínú. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó má kúrò ní ọ́fíìsì, kó má sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe oníṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lọ sílé, kó má bínú, a kò ní gbà, ìbáà ṣe alága fúnra rẹ̀.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Kí iye owó àwọn irinṣẹ́ náà wà lórí tábìlì, kí ẹ bi wá ní ìbéèrè, kí ẹ sì dìbò bí ọkàn yín bá ṣe fẹ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ fọ kọ̀ndẹ́ńsà, ẹ wo fáànù, ẹ wá ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ eruku. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé agolo gáàsì wá, ẹ bi í léèrè ohun tí àwa kò bi ẹni tiwa: "Gáàsì ti ìjẹta dà?"

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo ìdí garawa rẹ̀ dáadáa, bó bá ń jò.